Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Nínú Fíìmù Eléyín Irin

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé ṣé òótọ́ ni pé òtútù ìlú òyìnbó máa ń gé etí èèyàn, mo ti gbọ́ yín. Kò gé tèmi. Etí mi méjèèjì rèé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Manchester ju ọ̀rọ̀ òtútù lọ, n kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mélòó kan wá. Nígbà tí ẹ kò jẹ́ kí n sinmi, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé orí Ṣadé ti dàrú lọ́hùn-ún, kó máa sọ ọ́ lọ.

Iṣẹ́ eyín ni mo lọ kọ́. Kì í ṣe dókítà eyín o, ẹ má gbé mi ga jù. Àwa là ń jókòó sí yàrá ẹ̀yìn tí à ń fi ìda àti POP, ẹfun tí wọ́n ń fi omi pò tó máa ń dì gan, ṣe eyín fún àwọn tí tiwọn ti ká.

*Ìlú tí kì í dúró de èsì*

Ọ̀sán ni mo gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Manchester, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀sán ni o, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Òjò ọ̀hún kò rọ̀, kò sì lọ. Obìnrin kan tó ń nu ilẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ṣé dáadáa ni, olólùfẹ́?” Inú mi dùn. Mo gbé ẹrù kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ara le, pé orí ń fọ́ mi díẹ̀ nítorí bàálù, pé mo fi ìyá mi sílẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, obìnrin náà ti dé ìdí ìlẹ̀kùn kejì.

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì á pè ọ́ ní olólùfẹ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì náà á pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ bí o ṣe sùn. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Wọ́n á bá ọ gbé báàgì, wọ́n á fi ọ̀nà hàn ọ́ títí dé ẹnu ilé. Ìkíni wọn ni kò ní èsì. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára.

Stockport ni mo dé sí, ní ilé ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n jọ ṣe ilé-ìwé. Dádì ni gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n, a sì ń pe ìyàwó wọn ní Mọ́mì. Láti ìgbà òmìnira ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹnjiníà ni Dádì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á gbé ìwé ìròyìn kalẹ̀, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, “Ṣadé, dìde, ọmọ mi. Ṣé o sùn? Ṣé yàrá yẹn ò tutù jù?” Wọ́n á sì dúró gbọ́ ohun tí mo bá sọ. Nínú gbogbo ìlú yẹn, Dádì nìkan ló ń dúró gbọ́ èsì mi, mo fẹ́ràn wọn bí bàbá tó bí mi.

Ṣùgbọ́n Dádì kì í bá wa jẹun. Mọ́mì á fi ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ro nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní iyán (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń wọlé tí ebi bá ń pa èèyàn), Dádì á gbé tiwọn, wọ́n á kọjú sí ògiri. Gbogbo eyín wọn ti ká. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wọn kò bá wọn lẹ́nu mu, wọ́n ti jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn ló ń ka Bíbélì fún ìjọ ní Sunday. Láti ìgbà tí ẹnu ti wọlé, wọn ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, tí àlejò bá sì dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bo ẹnu.

*Ojú inú POP*

Ní ọdún kejì, olùkọ́ wa ní kí kálukú wa fi POP gba ẹ̀dà odindi ojú akáyín kan, ká lè rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń wọlé. Mo bẹ Dádì. Mo ṣèlérí pé èmi ni màá ṣe eyín tuntun fún wọn, èyí tí wọ́n á fi ka Bíbélì, tí wọ́n á fi jẹ ẹran.

Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan, Ṣadé. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ rí ojú mi báyìí. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

“Wò mí lójú kó o sọ ọ́.”

Mo wò wọ́n lójú, mo tún un sọ.

Orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Mo ki ìfàmu méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sí ihò imú wọn kí wọ́n lè máa mí, mo da POP bo ojú, bo ẹnu. Mọ́mì ò lè wò ó, wọ́n sá lọ sí kíṣíìnì. POP máa ń gbóná bó bá ti ń dì, mo sì ń bi Dádì pé ṣé kò sí nǹkan o, wọn ò lè dáhùn, ìka wọn nìkan ni wọ́n fi ń gbá ilẹ̀ pẹ́pẹ́. Mi ò fẹ́ràn àkókò yẹn rárá. Nígbà tí mo ṣí i kúrò, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, “O fẹ́ sìnkú mi láàyè ni?” A jọ rẹ́rìn-ín.

Ojú tó jáde nínú rẹ̀ jọ Dádì débi pé mo ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítòsí rẹ̀. Mo gbé e sórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, mo faṣọ bò ó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Kenji wọlé sí ibi iṣẹ́ wa. Ọmọ Jàpáànù ni, ó tínrín, ó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù ṣíṣe. Ó tẹ orí ba kí mi. Èmi náà tẹ orúnkún díẹ̀. Ó tún tẹ orí ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo ní kò ní fi ọ̀wọ̀ jù mí lọ, mo tún lọ sílẹ̀ sí i. Olùkọ́ wa béèrè pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ wa.

Eyín irin ló wá gbà, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ dá lórí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀ ní Jàpáànù. Ohùn àwọn tó ń pè bẹ̀rẹ̀ sí í gba eyín rẹ̀ wọlé sí i lára. Eyín di irin. Irin hù ní àtẹ́lẹwọ́, ó hù lọ́rùn, wáyà ń yọ lẹ́nu, títí ọkùnrin náà fi darúgbó sórí ìjókòó, tó di ẹ̀rọ pátápátá. Gbogbo ayé ń pè é, kò lè dá ẹnì kankan lóhùn. Mo ní, “Ta ló máa wo irú èyí?” Kenji ní òun ò mọ̀, pé àlá tí òun máa ń lá láti kékeré ni.

Mo ṣe eyín fún un. Mo fún un ní mọ́ínmọ́ín, òun náà fún mi ní ìrẹsì tí wọ́n fi ewé inú òkun wé. Ewé yẹn dúdú, ó ń rùn bí etí ọ̀sà, a wá ń wo ara wa lẹ́nu bí kálukú ṣe ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ jẹ oúnjẹ tí kò wù ú.

Ní ọjọ́ kan, mo lọ fọwọ́, mo padà bá Kenji níwájú tábìlì mi. Ó ti ṣí aṣọ náà. Ó ń wo ojú Dádì láìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó kí i.

Ìkíni yẹn ló tàn mí. Ó ní ojú tí òun ti ń wá nìyí, pé kí n yá òun. Mo kọ̀. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo wá ń sọ fún ara mi pé POP lásán ni, wọ́n á kùn ún lọ́dà, ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n? Kí n má purọ́ fún yín, ó ń wù mí kí iṣẹ́ ọwọ́ mi wọ sinimá. Mo gbé ojú Dádì fún un.

*Ilé òwú*

Bolton ni wọ́n ti ń ya fíìmù náà, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń ran òwú láyé àtijọ́. Ẹ̀rọ ti kúrò níbẹ̀, ihò ẹsẹ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀. Òróró ti mu inú pákó débi pé bàtà ń lẹ̀ mọ́ ọn. Òwú funfun ṣì ń jáde láti inú ògiri tí atẹ́gùn bá fẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ran òwú níbẹ̀ mọ́ láti ọdún gbọọrọ. Mo gbọ́ tí nǹkan ń mì lókè orí wa. Mo béèrè ohun tó wà lókè, wọ́n ní kò sí nǹkan kan.

Obìnrin tó yẹ kó ṣe ọmọ arúgbó náà kò wá lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ kò yá. Kenji bẹ̀ mí. Ẹ̀yìn mi nìkan ni wọ́n máa rí, ó ní, màá wọ kóòtù, màá wé gèlè sórí. Màá wọlé wá wo bàbá tí mo ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, màá rí ohun tó dà, màá figbe ta, màá sá jáde. Kí ló le níbẹ̀? Mo gbà.

Wọ́n tan iná. Mo wọlé.

Ojú Dádì ló wà lókè wáyà yẹn, ní àwọ̀ irin. Wọ́n ti dá ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì lu, iná pupa wà lẹ́yìn wọn. Eyín tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló hù jáde ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, níwájú orí, lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹnu nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, tó wọlé, tó ṣófo. Ó ń wò mí.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n figbe ta. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti dé ilẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, “Ẹ káàsán, sà.”

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé mi ò lè dìde. Àgbà tí mo kí kò tíì dá mi lóhùn, kò tíì ní kí n dìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé tí màá fi gbé orúnkún nílẹ̀. Mo dúró de èsì. Ẹ̀rọ kámẹ́rà ń kùn lẹ́yìn mi, òwú ń fò kọjá lójú mi, ẹ̀rù ń bà mí gidi, mo ṣì ń retí kí ẹnu yẹn là. Mo wà lórí orúnkún títí fíìmù fi tán nínú ẹ̀rọ, tó ń lù tátátá lásán.

Mo rò pé Kenji máa bínú. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó ní, “Gbogbo ènìyàn ló ń pè é, kò lè dáhùn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fi í hàn tẹ́lẹ̀.” Ó kù díẹ̀, ó ní, ní Sátidé tó ń bọ̀ wọ́n á fi ayùn iná la orí náà sí méjì, ibẹ̀ ni fíìmù máa parí sí.

*Ẹni tó kí wọn*

Mo délé, Mọ́mì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ṣadé, wá bá mi wo Dádì ẹ o. Wọ́n sùn lọ lórí àga lọ́sàn-án, wọ́n ta jí, wọ́n ní ta ló ń kí àwọn. Mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n ní ẹnì kan kí àwọn, àwọn ò sì lè lanu dáhùn, pé bí ọjọ́ tó o fi POP bo ojú àwọn ló rí. Wọ́n ò tíì jẹun látìgbà yẹn.”

Mo béèrè pé aago mélòó? Àkókò tí mo wà lórí orúnkún ní Bolton gan-an ni.

Mi ò lè gbé e mì. Mo wọ pálọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Dádì, mo ti ṣẹ̀ yín.” Mo sọ gbogbo rẹ̀, Kenji, irin, ayùn, gbogbo ẹ̀. Dádì gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

“Wọ́n rí ẹnu mi?”

“Wọ́n rí i, sà. Ẹ dárí jì mí.”

Wọ́n dìde, wọ́n gòkè lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Ìwé ìròyìn kò kúrò lójú wọn. Mo dúró níbẹ̀ títí Mọ́mì fi jáde láti kíṣíìnì, tí wọ́n ní, “Ṣadé, máa lọ, bọ́ọ̀sì á fi ọ́ sílẹ̀.” Bó ṣe rí lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, bó ṣe rí lọ́sẹ̀ kẹta nìyẹn. Mo wá kọ́ bí èèyàn ṣe ń dìde fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òtútù ni ìyà ìlú òyìnbó, ẹ ò mọ nǹkan kan.

Kí Sátidé ayùn yẹn tó pé, mo ti sáré lọ bá Kenji ní Bolton, mo jẹ́wọ́ ìlérí tí mo ṣe. Ó ní, “Àgbàlagbà lo ṣèlérí fún?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa wáyà ayùn yọ nínú iná, kò bá mi jiyàn.

Ní Sunday, ó wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó ti yọ gbogbo irin náà, ó ti họ ọ̀dà kúrò, ó fi aṣọ funfun di ojú náà. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan kápẹ́ẹ̀tì níwájú Dádì, kò gbé e. Mọ́mì ní, “Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́!” Kenji ní bí Dádì bá ní kí òun jó ibi tí ojú wọn wà nínú fíìmù náà, òun á jó o. Iṣẹ́ ọdún méjì ló ń sọ pé òun á jó.

Dádì fi èdè òyìnbó dá a lóhùn pé kó dìde, kó jókòó. Wọ́n dá a lóhùn! Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìlara fẹ́ pa mí. Wọ́n ní, “Mi ò tíì rí i. Parí rẹ̀. Tí mo bá rí i, màá sọ ohun tí mo fẹ́.”

Mo ṣe eyín wọn parí. Mo ní, “Ẹ ya ẹnu, sà,” wọ́n yà á. Mo yọ díẹ̀ níhìn-ín, mo dán an níbẹ̀yẹn, ó wọlé wẹ́kú. Wọ́n wo dígí títí. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ka Bíbélì, ohùn wọn dún já gbogbo ilé. Wọ́n kí tọmọdé tàgbà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó kàn mí, wọ́n wọ mọ́tò.

*Ọ̀sán Sátidé*

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí n wọ bàálù padà sílé nígbà tí sinimá kékeré kan ní Manchester gbà láti fi fíìmù náà hàn lọ́sàn-án Sátidé. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdajì wọn jáde, àwọn tó kù ń jà lórí ohun tí wọ́n rí. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kúrò lórílẹ̀-èdè tó ti wá. Kenji gé e pa mọ́ sínú àpò, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Mo jókòó láàárín Kenji àti Mọ́mì, Dádì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì nínú kóòtù, fìlà lórí itan. Bí Dádì bá ní kó jó o, ó ti parí fún Kenji. Tèmi ò tún dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa padà lọ bá bàbá mi nílé, kí n sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ wọn kò dá mi lóhùn mọ́.

Iná kú. Nígbà tí irin kọ́kọ́ hù ní àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà, àwọn òyìnbó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi ẹnu fà á yọ tí ó tún hù, ẹ̀rín dákẹ́. Tọkọtaya kan dìde lọ. Obìnrin kan níwájú wa ń sọ pé “rárá, rárá” sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mọ́mì ti di ojú látìgbà pípẹ́, wọ́n ń gbàdúrà. Dádì ò mira.

Ojú wọn yọ. Ó tóbi, ó kún ara ògiri, pẹ̀lú ẹnu ṣíṣófo yẹn. Gbogbo ilé ń wò ó. Dádì ò gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Mo rí ẹ̀yìn ara mi tó wọlé nínú kóòtù. Mo rí i tó kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán, sà.” Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè yẹn níbẹ̀ ju àwa mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ̀ pé ó ń dúró de nǹkan. Níbi tí ayùn ì bá ti wá, Kenji fi ìkúnlẹ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, láìgé e. Òwú ń fò. Ọmọ náà wà lórí orúnkún. Kò sí orin, kò sí ìró kankan. Ó pẹ́ débi tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, nítorí mo mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ni Dádì bá sọ̀rọ̀ sókè, eyín tí mo ṣe dún geere lẹ́nu wọn.

“Ṣadé, dìde, ọmọ mi. Ó ti tó.”

Ọmọ inú fíìmù náà fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó dìde. Ó gbọn òwú kúrò ní orúnkún, ó yíjú sí wa, ojú mi ni, ó sì rìn jáde pẹ̀lẹ́.

Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kenji ti dìde dúró, ó di apá mi mú débi pé ó dùn mí. “Mi ò ya ìyẹn,” ó ní. “Fíìmù ti tán. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o mọ̀ pé fíìmù ti tán. Mi ò ya ìyẹn!” Mọ́mì la ojú, wọ́n ń bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀.

Wọ́n tan iná. Dádì ti dé fìlà, wọ́n ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí ló ń yà yín lẹ́nu?” ni Dádì wí. “Ṣebí mo ní kó dìde ni.”